Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Koríko

Boulder, Colorado
Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹsàn-án, 2022

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti lọ́kọ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ìwé wà lórí àga níwájú mi, torí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ kì í jókòó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi pa á mọ́. Tí Màámi bá pè, tí wọ́n ní kí ló dé tí ohùn mi rí bẹ́ẹ̀, màá ní iṣẹ́ ló ń rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ o. Ayọ̀ tí mi ò lè sọ jáde ni.

Yéè, mi ò tíì kí yín! Ẹ wo ohun tí ayọ̀ ń ṣe fún ènìyàn. Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ kú ọjà Àgbójú, ẹ kú òjò, ẹ kú ìdúró. Ẹ bá mi kí Màámi, kí ẹ sì bá mi dì wọ́n mú tí wọ́n bá fẹ́ ké.

Ẹ̀yin lẹ ní tí ọ̀rọ̀ bá tóbi, kí n má sọ ọ́ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò gé e sí méjì. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé, kí n ya fọ́tò rẹ̀, kí n fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín. Èyí tóbi, Bàbá. Èyí tóbi gan-an.

Ọkọ mi ń jẹ́ Waris. Ẹ wò ó bí mo ṣe kọ ọ́: ọkọ mi. Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n ti bí i! Gbogbo ọdún tí a fi wà ní Festac, a ò pàdé rí, ó di ìlú òtútù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń pariwo fún Màámi lórí fóònù pé kí wọ́n má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí mo ṣe sọ fóònù kalẹ̀ báyìí, mo gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi: “Àǹtí, ṣé Màámi ti lo oògùn náà?” Mo yíjú padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi parí sí. Yunifásítì ló wà, ó ń kà nípa bí ìlú ṣe ń dàgbà àti bí wọ́n ṣe ń fi ìjánu sí ìlú lẹ́nu. Èmi ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ wọn, mo dúró sí ìwé mẹ́wàá, síbẹ̀ tó bá kọ nǹkan tán, èmi ló ń kà á fún. Ó ní tí kò bá yé mi, a jẹ́ pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n.

Bàbá, ẹ gbọ́ nípa ìlú yìí ná, torí òun gan-an ló so wá pọ̀. Ẹsẹ̀ òkè ló wà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé òjò ló ṣú lápá ìwọ̀ oòrùn. Òkè ni. Wọn ò sì jẹ́ kí ilé ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùndínlọ́gọ́ta lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dí òkè mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ lójú. Wọ́n fa ìlà kan sára òkè, omi ẹ̀rọ ìlú kì í gòkè kọjá ibẹ̀, kí ilé má baà máa rápálá gòkè. Láyé àwọn bàbá wọn, àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò pé kí wọ́n máa yọ owó díẹ̀ lórí ọjà tí àwọn bá rà, kí wọ́n máa fi ra ilẹ̀ yí ìlú ká. Wọ́n ra ilẹ̀ náà o. Ẹ ò ní gbà gbọ́: wọn ò kọ́ nǹkan kan sí i. Koríko ló wà níbẹ̀, àti ẹyẹ, àti ojú ọ̀nà tínńrín tí ènìyàn ń rìn. Èmi àti Waris máa ń rìn ín ní ọjọ́ Àìkú títí ẹsẹ̀ á fi máa dùn mí, mi ò sì ní sọ pé ó ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ìlú tí kò fẹ́ tóbi, ilé rẹ̀ kì í tó. Òfin wọn ni pé ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí ni kó gbé ilé kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa mẹ́rin la wà nílé wa: èmi, Margaret ará Kenya, Tẹjúmádé ará Ìbàdàn, àti ọmọ Mẹ́síkò kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àfi pé èmi ló kọ́ gbogbo wọn pé kí wọ́n máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń ṣe nílé. Aládùúgbò ka bàtà, ó kọ̀wé sí ìjọba. Èmi tí mo dé kẹ́yìn ni mo máa jáde. Ilé tí agbára mi ká, ìlú mìíràn ló wà, ìrìn bọ́ọ̀sì wákàtí kan àtààbọ̀ ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀.

Waris ní, “Raodah, ọdún tó ń bọ̀ la fi ìgbéyàwó sí. Kí ló dé tí a ò fi ṣe é báyìí? Yunifásítì máa ń fún tọkọtaya nílé.” A lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n kọ orúkọ wa, wọ́n fún wa ní ìwé. Mo bi obìnrin tó wà níbẹ̀ pé ta ló máa so wá pọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin fúnra yín ni.” Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbí! Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. A bọ́ síta, a jókòó sórí bẹ́ńṣì tó kọjú sí òkè, a fọwọ́ sí i. Waris ka Fátíhà, mo ṣe Àmín. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì ṣíwọ́.

Àdúrà yín ló kù.

Ọmọ yín,
Raodah Àṣàkẹ́, ìyàwó Waris


22 Road, D Close, Festac Town
Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹsàn-án, 2022

Raodah, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún kà á nílé. Màmá rẹ ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé ó máa yí padà. Ó kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, mo gbọ́ tó ń kọrin. Mi ò mọ èyí tí màá gbà nínú méjèèjì.

Ẹ fúnra yín so ara yín pọ̀. Lórí bẹ́ńṣì. Raodah, níbo lo ti gbọ́ ọ rí pé ọmọbìnrin fa ara rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́? Iṣẹ́ mi nìyẹn. Èmi bàbá rẹ ló yẹ kí n jókòó níwájú àlùfáà, kó bi mí ní ojú gbogbo ayé bóyá mo fà ọ́ kalẹ̀, kí n sì dáhùn. Ẹlẹ́rìí dà? Sàdáàkì dà? Ta ló so yìgì? Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí yẹn, ìwé ilé gbígbé ni. Ẹ ṣègbéyàwó kí ẹ lè ríbi sùn!

Ṣé inú ilé kan náà lẹ sì wà báyìí? Mi ò lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. O mọ ohun tí mò ń béèrè.

Ní ti ìlú yẹn, mo ro ó, kò yé mi. Ta ni ọmọ onílẹ̀ wọn? Ṣé wọn ò tíì gbọ́ ni? Ilẹ̀ tó lọ súà bẹ́ẹ̀, wọ́n rà á tán, wọ́n fún koríko! Níbí, tí o bá fi ìbú ẹní kan sílẹ̀ láàárín Jímọ̀ méjì, wàá padà bá ẹni tó ń fọ mọ́tò níbẹ̀, wàá bá ẹni tó ń din àkàrà fún ẹni tó ń fọ mọ́tò. Èmi gan-an mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ àti koríko, ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Waris, Waris, o fọ́n ọn káàkiri inú lẹ́tà bí iyọ̀. Waris ọmọ ta ni?

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàníyù


Boulder
Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹsàn-án, 2022

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ohun tí ẹ kò lè béèrè, ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn rẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀: Waris ń sùn ní pálọ̀.

Èmi kọ́ ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kẹ́rù dé, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sórí àga gígùn, ó ní, “Yunifásítì ti fún wa nílé. Bàbá rẹ ló máa fún mi níyàwó.” Àga náà kò gba gígùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta láti kókósẹ̀, mo ní láti ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fún un. Mo ti lọ́kọ, inú mi ń dùn débi pé mò ń kọrin sí abọ́ nídìí iṣẹ́, síbẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti ń kí ọkọ mi pé ó dàárọ̀, bí àlejò. Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ìwé ilé ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́ di ìgbéyàwó. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo di ìyàwó. Tí ẹ bá ní rárá, ẹni tí mo jọ ń gbé ilé ni.

Ọmọ ta ni? Waris Jayéọlá ni. Raji Rasaki Estate ni ilé wọn. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìntì, sọ̀fíọ̀ ni, òun ló máa ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ní agbègbè wa nígbà kan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pàdé! Waris ní òun kì bá máa ka irú ìwé tí òun ń kà yìí bí kì í bá ṣe bàbá òun. Bàbá náà ló máa ń sọ fún un pé ìlú tó bá kọ́lé sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ dà bí àgbẹ̀ tó jẹ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ṣetán láti wá kí yín lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ẹ sáà ní kí wọ́n máa bọ̀.

Raodah yín


Boulder
Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá, 2022

Bàbá mi,

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún rèé. Mo rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, àmì méjèèjì ti di búlúù láti ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Tí mo bá pe Màámi, wọ́n á ní, “Bàbá rẹ ń ronú,” wọ́n á wá béèrè bóyá mo jẹun.

Ṣé nítorí bẹ́ńṣì ni? Ṣé nítorí pé ó kàwé jù mí lọ, ẹ rò pé ó máa fojú tín-ín-rín mi? Yìnyín ti bọ́ sórí òkè, láti ojú fèrèsé wa mo rí i funfun báláú. Ó lẹ́wà, mo sì ń wò ó bí ẹni tí wọn ò gbà láyè kó máa yọ̀.

Ẹ bú mi, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kí ẹ fi bú mi. Ẹ má dákẹ́.

Raodah


Festac Town
Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹwàá, 2022

Raodah,

Mi ò bínú sí ọ.

Ìwé kan wà nínú àpótí mi tí mi ò fi han ìkankan nínú ẹ̀yin ọmọ, torí mi ò fẹ́ kí ẹ jogún ìjà. O rántí ṣọ́ọ̀bù wa ní etí pápá D Close. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rówó tí mo fi rán yín níléèwé. O rántí ọjọ́ tí wọ́n wó o, o wà níléèwé gíráámà nígbà náà, ìwọ lo bá mi kó páálí mílíìkì síta. Ohun tí o ò mọ̀ ni orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n fi wó o. A. Jayéọlá, sọ̀fíọ̀.

Òun ló wọn ilẹ̀. Òun ló kọ ọ́ pé ojú omi ni mo jókòó lé, pé kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún gọ́tà àti koríko. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo kàn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bá àmì pẹ́ńtì pupa lára ilẹ̀kùn mi. Lọ́jọ́ keje, katapílà dé. Kò sẹ́ni tó ní, “Gàníyù, máa bọ̀ níbí, kó o máa tà níbí.” Èmi fúnra mi ni mo wá Àgbójú lọ.

Wàyí o, ọmọ ọkùnrin yẹn lo ní kí n fà ọ́ lé lọ́wọ́.

Sọ fún un kó bi àwọn tíṣà rẹ̀ ní ìbéèrè kan fún mi. Ìlú tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún koríko, níbo ni àwọn tó ń fọ abọ́ rẹ̀ ń sùn? Ìwọ lò ń fọ abọ́ wọn. Wọ́n ka bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní o pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn.

Má kọ̀wé sí mi lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Máa jẹun. Wọ aṣọ òtútù.

Bàbá rẹ


Boulder
Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹwàá, 2022

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé. Ẹ foríjì mí, ọwọ́ mi kò gbọ́.

Mo ka lẹ́tà yín sókè fún Waris. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Kò mọ̀, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run búra, kò mọ̀. Ó wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun mú ìbéèrè yín lọ sí kíláàsì. Ó ní òun bi wọ́n. Tíṣà wọn béèrè pé inú ìwé ta ló ti rí i. Ó ní, “Bàbá ìyàwó mi ni. Wọ́n ń ta mílíìkì ní Àgbójú.” Tíṣà náà kọ ọ́ sójú pátákó.

Lẹ́yìn ìyẹn ó pe bàbá rẹ̀, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́. Bàbá náà ní, “Gàníyù? Gàníyù ti D Close? Tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé?” Ó wá ní, “Mo rántí ilẹ̀kùn yẹn,” ó sì sọ fóònù kalẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé mo gbè sẹ́yìn wọn. Ẹ rántí bí omi ṣe máa ń wọlé wa. Màámi máa ń gbé fíríìjì sórí búlọ́ọ̀kù láti oṣù Karùn-ún. Ọdún tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù ni omi kò wọlé mọ́. Mi ò sọ pé bí wọ́n ṣe ṣe é dára. Kò dára. Ẹ̀yin ló dùn, àwa yòókù ló gbádùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nínú gbogbo D Close, títí kan èmi ọmọ yín. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n sọ ọ́.

Tí ẹ bá ní rárá, mi ò ní sá fún yín, mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Màá dúró. Ẹ ó kàn máa rí lẹ́tà mi.

Àṣàkẹ́ yín


Festac Town
Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kọkànlá, 2022

Raodah Àṣàkẹ́ mi,

Jókòó kí o tó kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà méjì wà níwájú mi, Bímpé aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì náà wá ra bíńsíkíìtì. Bàbá arúgbó kan wọlé, aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó ní, “Ṣé Àlàájì Gàníyù nìyí?” Mo ní, “Èmi ni sà. Kí lẹ fẹ́ rà?” Ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín páálí Indomie àti àpò ṣúgà. Ẹni tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ!

Bímpé lọgun: “Yéè! Bàbá ti dákú o! Ẹ mú omi wá!” Kí n tó lanu, ó ti fi eyín já píọ̀ wọ́tà méjì, ó tú u sí bàbá lórí. Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí fẹ́ ẹ. Bàbá ń ké nílẹ̀, “Mi ò dákú! Mo ń tọrọ àforíjì ni!” Bímpé ní, “Ẹ má sọ̀rọ̀ sà, ẹ fi agbára yín pamọ́!” Ó tún já ẹ̀kẹta.

Raodah, Jayéọlá sọ̀fíọ̀ ni. Mo ti múra ìbínú de ọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́fà. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni omi Bímpé wọ́ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di káńtà mú.

A gbé e dìde, mo fún un ní àga. Ó ń fún aṣọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àlàájì, ìlà tí mo fà, mi ò lè tọrọ àforíjì fún un. Ojú omi ni ibẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n tún un wọ̀n lónìí, ibẹ̀ náà ni màá fà á sí. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé mo rí yín lọ́jọ́ tí mo wá wọn ilẹ̀. Ẹ ń to agolo sórí pẹpẹ, ẹ kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Mo dá yín lóhùn, mo kọjá lọ. Mo jẹ́ kí pẹ́ńtì ṣíwájú mi wá bá yín sọ̀rọ̀. Ó sì yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kí wọ́n wá ibòmíràn fún yín kí wọ́n tó wó o. Mi ò kọ ọ́. Ọmọ mi ka ìbéèrè abọ́ yẹn sí mi létí. Ìyẹn ló gbé mi wá.”

Inú bí mi díẹ̀ pé kò parọ́. Ẹni tó wá tọrọ ọmọ, ó yẹ kó ní gbogbo rẹ̀ ni òun ṣì. Mo ní, “Tó bá jẹ́ ilé tiyín ló wà lójú omi ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ wá wò ó.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo mú téèpù, mo lọ sí Raji Rasaki. Mo sọ fún wọn lẹ́nu géètì pé mi ò wá bí àna, mo wá wọn nǹkan. Ìyá ọkọ rẹ gbé omi wá, mo ní rárá o, omi yẹn di ọjọ́ mìíràn. Mo wọn ilẹ̀ láti etí gọ́tà dé fẹ́ńsì wọn. Aládùúgbò ọ̀tún ti gun gọ́tà lórí. Aládùúgbò òsì ti kọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ lé tirẹ̀. Jayéọlá nìkan ló sún ògiri rẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá géérégé. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó rẹ̀ wá bọ́ síta. “Àlàájì, ó dáa bí ẹ ṣe wá! Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀! Kíṣìnnì mi ló gé sọnù nítorí ìlà! Ogún ọdún ni mo ti ń ro ọbẹ̀ tí ẹ̀yìn mi ń ha ògiri. Tí mo bá fẹ́ yí amàlà padà, mo ní láti ṣílẹ̀kùn!” Jayéọlá wolẹ̀. Ó ní, “Àlàájì, ojú omi ni.” Ìyàwó ní, “Ẹ gbọ́ ọ? Ojú omi!”

Mo ká téèpù. Mo gbé e sápò. Ọkùnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí kíṣìnnì ìyàwó ara rẹ̀, mo rí i pé èmi kọ́ ló dójú sọ. Ṣàánú ìyá yẹn tí o bá délé, o gbọ́?

Mo ti gbà, Raodah. Sọ fún ọmọ náà pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ pálọ̀, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ tí bàbá ò rí tó ṣì bọ̀wọ̀ fún bàbá, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìwé orí bẹ́ńṣì yẹn kò tó mi. Ẹ máa bọ̀ nílé. Àlùfáà máa so yìgì, èmi á jókòó sí ipò mi. Mi ò gba họ́ọ̀lù. Pápá D Close la ó ti ṣe é, kí gbogbo àwọn tí omi kò wọlé wọn mọ́ wá jókòó níbẹ̀ kí wọ́n kí mi. Jayéọlá ti ń sọ pé ká má ri òpó àtíbàbà sójú omi. Mo ní kó lọ gbé pẹ́ńtì rẹ̀ wá, kó fi sàmì síbi tó fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún béèrè bóyá mo fọwọ́ sí i lóòótọ́.

Ìwọ ni kó o mú ọjọ́. Màmá rẹ ní kò gbọdọ̀ di ọdún tó ń bọ̀, òun kò fẹ́ gbọ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ń tutù.

Bàbá rẹ, tó ń rẹ́rìn-ín,
Gàníyù


Boulder
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kọkànlá, 2022

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Mo kígbe! Mo kígbe débi pé ìyá òyìnbó tó ń gbé lókè sọ̀ kalẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, ó béèrè bóyá ká pe ọlọ́pàá. Mo ní, “Bàbá mi ti gbà!” Kò mọ ohun tí ẹ gbà, ó kàn dì mọ́ mi, àwa méjèèjì ń fò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Waris ka lẹ́tà yín, ó dìde, ó tún jókòó, ó wọ bàtà, mo ní níbo lò ń lọ, ó ní òun kò mọ̀. Ó jáde, ó rìn yí ilé po, ó wọlé padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kí n sọ fún yín pé tí òun bá di ẹni tí ìlú ń bi léèrè, òun kò ní fa ìlà kankan láìkọ́kọ́ kí ẹni tó wà lórí rẹ̀, kí òun jókòó, kí òun bá a wá ibòmíràn. Ó ní orí àga pálọ̀ náà ni òun ó wà títí di ọjọ́ yẹn, kí ẹ má mikàn. Èmi ni mo ń mikàn, Bàbá! Ẹ̀yìn ń dùn ún!

Ibi iṣẹ́ ti fún mi láyè, yunifásítì wọn á ti gba ìsinmi. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, ni ọkọ̀ òfuurufú wa máa balẹ̀. Kí Màámi má wá pápákọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn nílé, kí n kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa, kí wọ́n wò mí yíká bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n fẹ́ rà.

Ẹ bá mi kéde o. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ní Ìwó, kí wọ́n gbéra ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n sùn sílé wa, omi kò wọlé wa mọ́. Àǹtí Hidaayah ní Abúlé Adó, kí wọ́n wá pẹ̀lú gbogbo ọmọ wọn, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀kan ní ìdánwò. Bọ̀dá Mansur tó máa ń dé ibi gbogbo nígbà tí wọ́n bá ń ká àga, ẹ sọ fún wọn pé aago mẹ́jọ ni, kí wọ́n lè dé ní mẹ́wàá. Bímpé aránṣọ gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì fi omi sílé. Gbogbo D Close, láti ilé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kí wọ́n bọ́ síta. Kí ìyá ọkọ mi má dáná rárá; àwa la ó bọ́ wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n nasẹ̀.

Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá, iwájú àlùfáà ni kí ẹ jókòó sí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti máa rí yín. Tó bá béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ fà mí kalẹ̀, ẹ má tètè dáhùn. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín dáadáa, torí lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ síwèé, òun ni etí mi ń wá.

Kí gbogbo ènìyàn ti dé pápá D Close, Festac Town, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá, ọdún 2022.